Yíyan Ẹ̀mú àti Abẹ fún Ṣíṣe Wáyà Púlọ́ọ̀gì Nílé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lórí irú ohun èlò tí ó yẹ kí ènìyàn mú lọ́wọ́ bí ó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe wáyà púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ rẹ̀ nílé. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilé mẹkáníìkì nìyí, kí ni ó gbé e dé gbọ̀ngán ilé-ẹ̀kọ́ gíga? Èsì mi ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, díẹ̀ ni èyí tí a lè ṣe ní àṣìṣe pátápátá kí ojú má sì rí nǹkan kan. Iṣẹ́ wáyà púlọ́ọ̀gì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Níbi tí ojú kò bá ti lè ṣe ìdájọ́, ohun èlò ni a ń gbé ìdájọ́ lé lọ́wọ́, nítorí náà ni yíyàn rẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú ọjà lọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń ṣe lóde òní kò ní wáyà púlọ́ọ̀gì mọ́; kọ́ìlì kékeré kan ni wọ́n ń gbé lé orí púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ìgbádùn etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn wọn. Volkswagen tí àwa Yorùbá sọ ní Ìjàpá wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Peugeot 504 náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún kan náà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù àti ẹ̀rọ amúnáwá kékeré náà ṣì ní wáyà kan ṣoṣo tí ń lọ sí orí púlọ́ọ̀gì wọn.

Ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù láàárín àwọn tí kì í ṣe mẹkáníìkì. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí ìfẹ́ wọn ni láti gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan sínú ọkọ̀ mìíràn, tàbí láti yí ibi tí èéfín ń gbà jáde padà. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ tán, wáyà tí a ti ṣe sílẹ̀ fún títà kì í bá ọkọ̀ wọn mu mọ́: èyí gùn jù, èyí kúrú jù, òmíràn sì dojú kọ ibi tí ooru ti ń jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta wáyà náà fún wọn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n a sì ta irin orí rẹ̀ àti rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀. Irú sẹ́ẹ̀tì kan tún wà tí ilé-iṣẹ́ ti parí ìhà púlọ́ọ̀gì rẹ̀, tí wọ́n fi ìhà kejì sílẹ̀ kí ẹni tí ó rà á gé e sí ìwọ̀n tí ó fẹ́. Ìhà kejì yìí ni gbogbo wàhálà wà.

Agbára tí ń gba inú wáyà kọjá

Bátìrì ọkọ̀ kì í ju nǹkan bí fóltì 12 lọ, agbára tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbígbẹ kàn láìmọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n fóltì 12 kò lè fo àlàfo tí ó wà ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàfo náà kò ju 0.6 sí 0.7 mìlímítà lọ nínú ọkọ̀ Ìjàpá. Afẹ́fẹ́ àti epo tí a ti fún pọ̀ sínú sílíńdà kì í gba iná láàyè bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì ni ó ń sọ agbára kékeré di ńlá. Ọgbọ́n tí ó ń lò ni èyí tí Michael Faraday fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831, pé bí agbára òòfà tí ó yí wáyà ká bá yí padà lójijì, iná yóò dìde nínú wáyà náà. Wáyà tínínrín tí a ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà wà nínú kọ́ìlì. Nígbà tí ẹnu kọ́ńtáàtì bá là, agbára òòfà inú kọ́ìlì yóò wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó sì jáde sí ọ̀nà wáyà púlọ́ọ̀gì yóò tó fóltì 20,000 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gottlob Honold, tí ó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́ ní Jámánì, ti ṣe ẹ̀rọ tí ń fi òòfà mú irú iná gíga bẹ́ẹ̀ jáde ní 1902. Ètò oníbátìrì àti kọ́ìlì tí Charles Kettering ṣe ní Amẹ́ríkà, tí Cadillac sì lò nínú ọkọ̀ rẹ̀ ti 1910, ni bàbá ńlá èyí tí ó wà nínú Ìjàpá àti 504.

Ẹ jẹ́ kí a wo iye ìgbà tí iṣẹ́ yìí ń wáyé. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan yóò ṣáná ní ìgbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú náà. Èyí jẹ́ ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí ibi tí wáyà náà ti lè sinmi.

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ẹ̀tàn wà. Iná tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ kì í bẹ̀rù àlàfo. Bí àlàfo kékeré bá wà láàárín wáyà àti irin tí a fi sí orí rẹ̀, iná náà kò ní dúró. Yóò fò ó kọjá lọ. Ọkọ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tí ó ṣe wáyà náà yóò sì gbà pé iṣẹ́ òun dára. Ṣùgbọ́n níbi tí iná bá ti ń fò, ó ń jó. Ó ń jẹ inú wáyà díẹ̀díẹ̀, àlàfo náà sì ń gbòòrò sí i. Bí ọkọ̀ bá wá ru ẹrù tí ó ń gun òkè, afẹ́fẹ́ tí ó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni a ń fún pọ̀ sínú sílíńdà, púlọ́ọ̀gì yóò sì béèrè fóltì púpọ̀ sí i kí ó tó lè ṣáná. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tàbí ní òwúrọ̀ kan tí ìrì sẹ̀ púpọ̀, púlọ́ọ̀gì kan yóò dákẹ́. Ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n, epo tí kò jó yóò máa bá èéfín jáde, awakọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú kábúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ àti pọ́ǹpù epo nítorí orí wáyà kan tí a kò fún mọ́ra dáadáa. Ó ṣòro kí a tó lè bá irú owó bẹ́ẹ̀ padà.

Èèpo àti ìfun

Wáyà púlọ́ọ̀gì ní èèpo, ó sì ní ìfun. Mo lo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí nítorí pé wọ́n bá ohun tí ojú ń rí mu. Èèpo rẹ̀ nípọn gan-an ju ti wáyà inú ilé lọ, nítorí òun ni kò jẹ́ kí iná gíga náà sá jáde lọ bá irin ẹ́ńjìnnì. Láyé àtijọ́, rọ́bà lásán ni. Ooru àti epo a máa bà á jẹ́, yóò gbẹ, yóò sì sán. Lónìí, sílíkóònù ni ó wọ́pọ̀ nínú èyí tí a ń tà fún àwọn oníṣẹ́ ilé, nítorí pé ó lè fara da ooru tí ó tó ìwọ̀n 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àléébù rẹ̀ ni pé ó rọ̀: bí nǹkan mímú bá ha á, ó ń ya lọ. A ó padà sí èyí nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ abẹ. Ní ti ìsanra, mìlímítà 7 ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́. 8 àti 8.5 ni àwọn tí ń ṣe é fúnra wọn sábà máa ń rà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìfun pín sí. Àkọ́kọ́ ni ti bàbà, okùn bàbà wẹ́wẹ́ tí a lọ́ pọ̀. Iná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́, ṣùgbọ́n ariwo ńlá ni ó ń dá sílẹ̀ nínú rédíò, ó sì lè da àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ń darí ẹ́ńjìnnì láàmú. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ohun ìdíwọ́ sínú fìlà tí ó wọ orí púlọ́ọ̀gì nínú ọkọ̀ bí Ìjàpá. Èkejì ni okùn tí a rẹ sínú èédú, èyí tí ìdíwọ́ rẹ̀ lè tó óòmù 5,000 ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó pa ariwo rédíò, ó sì pọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ba jẹ́: bí a bá fà á tàbí tí a tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù, èédú inú rẹ̀ yóò já. Ẹ̀kẹta ni èyí tí a fi wáyà irin tínínrín ká mọ́ okùn líle ní àkámọ́ra. Ìdíwọ́ tirẹ̀ kò pọ̀. Ó lè jẹ́ óòmù 50, ó lè jẹ́ 500 ní ẹsẹ̀ bàtà kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ti fẹ́. Kíká tí a ká a ni ó ń pa ariwo. Bí ẹnìkan bá bi mí, ẹ̀kẹta yìí ni n ó ní kí ó rà fún ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé kankan nínú. Fún Ìjàpá tí ó ṣì ń lo kọ́ńtáàtì, bàbà pẹ̀lú fìlà onídìíwọ́ tó.

Orí irin àti etí rẹ̀

Irin kékeré tí ó wà ní òpin wáyà, tí àwọn rewáyà ń pè ní tẹ́mínà, ni mo ń pè ní orí irin. Ó ní etí méjì tí ó là sókè. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìfun nìkan ni etí wọ̀nyí gbọ́dọ̀ dì mú, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe é fún wáyà iná iwájú ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìfun oníkíká tàbí ti èédú kò lágbára tó láti gba ìfà. A óò bó èèpo ní nǹkan bí mìlímítà 13, a óò sì ṣẹ́ ìfun tí ó yọ náà padà sẹ́yìn kí ó sùn lé ẹ̀yìn èèpo. Lẹ́yìn èyí ni a óò gbé wáyà sínú orí irin, ní ọ̀nà tí ìfun yóò fi wà láàárín èèpo àti irin náà, ní ìsàlẹ̀, ní òdì kejì ibi tí etí méjèèjì yóò ti pàdé. Bí a bá wá ká etí wọ̀nyí, wọn yóò tẹ̀ wọ inú èèpo, èèpo yóò sì ti ìfun mọ́ irin. Èèpo ni ó ń gba ìfà. Ìfun ni ó ń gba iná. Iṣẹ́ méjì ni, ìfúnmọ́ra kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣe méjèèjì.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí mo lò: a ń ká etí, a kì í tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Etí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí bìrìkìtì, kí ṣóńṣó rẹ̀ yí padà wọ inú èèpo, kí àwọn méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀mú ọwọ́ lásán, irú èyí tí ó wà nínú àpótí gbogbo ẹni tí ó ní ọkọ̀, kò lè ṣe èyí. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá di orí irin mú, yóò tẹ̀ ẹ́ di ẹyin adìyẹ: yóò fún un mọ́ra ní ìhà méjì, yóò sì fi àyè sílẹ̀ ní ìhà méjì yòókù. Inú àyè yìí ni iná yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ní ìgbà mìíràn, etí kan yóò gorí èkejì, yóò sì gé ìfun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò rán mi létí pé a ń gún iyán nínú ewé, a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò sì yó. Òótọ́ ni òwe náà, mo sì ti rí iṣẹ́ àrà lọ́wọ́ àwọn rewáyà tí kò ní ju ẹ̀mú kan àti abẹfẹ́lẹ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ iyán inú ewé mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an bóyá òun yó tàbí òun kò yó. Ẹni tí ó fi ẹ̀mú lásán ṣe wáyà kò ní mọ̀ títí oṣù mélòó kan. Nínú ilé arọ pàápàá, alágbẹ̀dẹ kì í fi ẹ̀mú ṣe iṣẹ́ ọmọ owú.

Ẹ̀mú ìfúnmọ́ra

Oríṣìí ẹ̀mú tí a ń tà fún iṣẹ́ yìí pọ̀, iye owó wọn sì jìnnà sí ara wọn. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ mú kúrò lójú ọ̀nà: ẹ̀mú àwọn oníṣẹ́ iná tí ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ pupa, búlúù àti yẹ́lò. Ó dára fún wáyà fóltì 12. Ẹnu rẹ̀ kéré fún wáyà tí èèpo rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 8, títẹ̀ ni ó sì ń tẹ nǹkan, kì í ká etí. Nítorí pé ó jọ ohun èlò gidi, ó ń tan ènìyàn ju ẹ̀mú lásán lọ.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tí ó yẹ iṣẹ́ ni ẹnu méjì tí kò ní ọwọ́. Ègé irin méjì ni; ọ̀kan ní kòtò tí wáyà yóò sùn sí, èkejì ní ibi tí a gbẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ méjì tí yóò ká etí sínú. A óò gbé e sáàárín fáìsì tí a dè mọ́ tábìlì, a óò sì máa yí ọwọ́ fáìsì náà díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ MSD ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ń ṣe irú èyí, wọ́n sì fi abẹ ìbó èèpo kún un. Àwọn ènìyàn a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ nítorí pé kò ní ọwọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í bá wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára fáìsì ju ti ọwọ́ ènìyàn lọ, ó ń lọ ní pẹ̀lẹ́, a sì lè dúró láàárín iṣẹ́ kí a wò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí ègé méjèèjì bá pàdé ara wọn, iṣẹ́ ti parí. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè tẹ̀ ẹ́ jù tàbí kí ó tẹ̀ ẹ́ kù bí ó bá ti rí i pé wọ́n pàdé. Fún ẹni tí yóò ṣe sẹ́ẹ̀tì kan láàárín ọdún márùn-ún, tí ó sì ti ní fáìsì nílé, n kò rí ìdí tí yóò fi ra òmíràn. Ohun tí kò lè ṣe ni kí a gbé e lọ sí ìdí ọkọ̀. Orí tábìlì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti parí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a gbọ́dọ̀ ti wọn gígùn wáyà kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a má sì ṣe àṣìṣe níbẹ̀.

Ẹ̀mú ọlọ́wọ́ gígùn tí kò ní eyín ni ó tẹ̀ lé e. Ẹnu rẹ̀ ni a gbẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì rọrùn láti gbé kiri. Agbára rẹ̀ wà nínú gígùn ọwọ́ rẹ̀: bí ọwọ́ náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 láti ibi ìṣó tí ó so ó pọ̀, tí ẹnu sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ìfúnpọ̀ tí ọwọ́ wa ṣe yóò di ìlọ́po mẹ́wàá ní ẹnu. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú nítorí pé ó wọ àpò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹni tí ń lò ó ni ó ń pinnu ibi tí a ó dúró. Wáyà àkọ́kọ́ yóò rí ìfún dáadáa. Nígbà tí a bá fi máa dé orí kẹjọ, ọwọ́ ti rẹ̀, ìfún sì ti dín. Bí ẹni méjì bá pín iṣẹ́ náà ṣe, ìyàtọ̀ yóò wà láàárín ti èkínní àti ti èkejì, ojú kò sì ní rí i.

Èyí tí ó ní eyín nínú ọrùn rẹ̀ ni ọba wọn. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, eyín wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ là padà àfi bí ó bá ti dé òpin ìfún tí a yàn fún un. Bí ọwọ́ bá rẹ oníṣẹ́ láàárín, ẹ̀mú náà yóò dúró níbi tí ó dé, yóò sì máa dì í mú títí a ó fi parí rẹ̀. Ìdájọ́ ti kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. A tún lè pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, kí ẹ̀mú kan náà lè ṣiṣẹ́ fún wáyà púlọ́ọ̀gì lónìí àti fún wáyà fóltì 12 lọ́la. Níbí ni ẹ ó ti ṣọ́ra: ẹ̀mú dára, ṣùgbọ́n ẹnu ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ara ẹnu náà bóyá a kọ ìsanra wáyà yín sí i, yálà mìlímítà 7 tàbí 8 tàbí 8.5, nítorí ẹnu tí ó bá tóbi jù yóò dé òpin rẹ̀, eyín yóò tú sílẹ̀, orí irin yóò sì máa mì lọ́rùn wáyà. Kí ẹ sì fi orí irin kan ṣòfò, kí ẹ fún un mọ́ àjákù wáyà, kí ẹ fi abẹ là á ní ìdajì, kí ẹ wo inú rẹ̀. Orí irin kan kò wọ́n.

Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Síbẹ̀, owó ẹ̀mú eléyín lè ju owó wáyà tí a fẹ́ fi ṣe lọ, n kò sì ní sọ fún olórí ilé kan pé kí ó rà á nítorí wáyà mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ a máa ra ọ̀kan fún gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n a sì máa yá ara wọn lò. Ẹni tí ó bá wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó yá a. Ẹni tí kò sí, kí ó ra ẹnu méjì aláìlọ́wọ́, kí ó lọ bá ẹni tí ó ní fáìsì.

Abẹ ìbó èèpo àti àwọn yòókù

Mo sọ pé sílíkóònù ń ya bí a bá ha á. Èyí ni ó sọ bíbó èèpo di iṣẹ́ tí ó léwu ju bí a ti rò lọ. Bí abẹ bá wọlé jù, yóò gé ìfun. Bí kò bá wọlé tó, èèpo kò ní bọ́, ẹni tí ń fà á yóò sì fa ìfun já pẹ̀lú rẹ̀. Abẹ tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí ní ihò tí wáyà yóò wọ̀ ṣinṣin, pẹ̀lú ojú abẹ tí a ti dá dúró ní ìjìnlẹ̀ kan. A óò yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ìgbà mẹ́ta, a óò sì fà á. Bí kò bá sí èyí, abẹfẹ́lẹ́ tuntun lè ṣe é lọ́wọ́ ẹni tí ó ní sùúrù: kí ó tẹ wáyà ní kọrọdọ, kí ó fi ojú abẹ kan èèpo náà fẹ́rẹ́ níbi tí ó ti yọ síta. Nítorí pé èèpo náà ti na ara rẹ̀ níbẹ̀, yóò là fúnra rẹ̀ níwájú abẹ, kò sì sí ìdí fún títẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì ti lo ẹnu abẹ kan fún wáyà mẹ́rin, ẹ jù ú nù.

Ohun èlò kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń mú wá tí mo fẹ́ kí wọ́n dá padà sílé, òun ni irin ìjó òjé. Èédú kì í gba òjé. Irin tínínrín inú wáyà oníkíká kì í sábà gbà á dáadáa. Ti bàbà ń gbà á, ṣùgbọ́n òjé yóò ṣàn gòkè nínú ìfun, yóò sọ ọ́ di gbígbọn-in, ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì yóò sì ṣẹ́ ẹ níbi tí òjé náà parí sí.

Fún àwọn alùpùpù, ọ̀rọ̀ náà rọrùn gan-an. Fìlà púlọ́ọ̀gì wọn sábà máa ń ní ìdè olójú-ìṣó nínú, èyí tí a ń yí wọ àárín ìfun bàbà. Kò fẹ́ ẹ̀mú kankan, abẹ mímú tí yóò gé òpin wáyà ní gígé tí ó tọ́ ti tó o. Kìkì pé wáyà onífun bàbà nìkan ni ó lè gba irú ìṣó bẹ́ẹ̀. Bí a bá yí i wọ ìfun èédú, yóò fọ́ ọ túútúú.

Fìlà rọ́bà tí ó bo orí irin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọrùn wáyà kí a tó fún orí irin mọ́ ọn, nítorí lẹ́yìn náà kò rọrùn mọ́. Gírísì sílíkóònù díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò mú kí ó yọ̀, kò sì ní jẹ́ kí omi wọ ibẹ̀. Gírísì bẹ́árìn kò dára fún un, yóò sọ rọ́bà di wíwú. Ní ti wíwọn gígùn, okùn ni ó dára jù, kì í ṣe irin ìwọ̀n: okùn yóò tẹ̀ lé ọ̀nà tí wáyà yóò gbà gan-an, títí kan yíyípo tí ó bá yípo irin èéfín. Kí a rántí pé wáyà méjì tí ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè ta iná sínú ara wọn, nípa ọgbọ́n Faraday tí a ti sọ. Nínú ẹ́ńjìnnì Chevrolet onísílíńdà mẹ́jọ ti àtijọ́, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìṣáná rẹ̀ jẹ́ 1-8-4-3-6-5-7-2, sílíńdà 5 àti 7 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń ṣáná tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tí ó bá wọn wáyà wọn kúrú tí wọn kò fi lè jìnnà síra yóò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà.

Mítà ni ohun èlò tí ó kẹ́yìn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ láìní i. Bí a bá kọ óòmù 500 ní ẹsẹ̀ bàtà kan sára wáyà, tí a sì gé ẹsẹ̀ bàtà méjì, mítà gbọ́dọ̀ kà á sí nǹkan bí 1,000 láti orí kan dé èkejì. Kí a máa mi orí irin náà nígbà tí a ń wo mítà. Bí òǹkà bá ń fò sókè sódò, orí náà kò dì mú. Kí a sì fi ọwọ́ fà á pẹ̀lú agbára díẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà kò mọ ohun gbogbo. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò lè fi hàn wá bí èèpo yóò ṣe ṣe nígbà tí fóltì 20,000 bá dé. Fún èyí, a ní láti dúró di alẹ́. A óò gbé ọkọ̀ sí ìta gbangba, a óò pa gbogbo iná tí ó wà nítòsí, a óò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, a óò sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láì fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí a bá fẹ́, a lè fọ́n omi bí ìrì sí ara àwọn wáyà náà láti òkèèrè. Bí ohun gbogbo bá dára, òkùnkùn nìkan ni a ó rí. Bí ìmọ́lẹ̀ búlúù bá ń ta pàrà lára èèpo tàbí ní ẹnu fìlà rọ́bà, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a sàmì sí ibẹ̀, kí a sì tún wáyà náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. A kì í fi téèpù wé e.